Ṣé kí ẹ bo ògiri yàrá ìsàlẹ̀ tó wọ inú ilẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà

Ìbéèrè yìí kì í tán, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé láti òkè òkun. Ilẹ̀ tí wọ́n rà ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán tàbí lẹ́bàá òkè Sóbì ní Ìlọrin dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bíríkìlà gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, ó fi ìsàlẹ̀ ṣe yàrá méjì, ògiri ẹ̀yìn sì wọ inú ilẹ̀ dé àyà, nígbà mìíràn dé àjà. Onílé á wá wo fídíò àwọn ará Kánádà tí wọ́n ń lẹ fóòmù mọ́ ògiri abẹ́ ilé wọn, á ní, "Ṣé kí èmi náà ṣe é?"

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, rárá ni. Ògiri tí ilẹ̀ gbá mọ́ra kò nílò ohun tó ń dènà ooru. Omi ni wàhálà tirẹ̀. Ẹ lé omi náà, ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan gbáko rọ̀ lé e lórí, kí ẹ tó tún ìbéèrè yìí bi ara yín.

## Ìdí tí tiwọn fi yàtọ̀ sí tiwa

Lọ́dọ̀ wọn, owó ni wọ́n fi ń mú ilé móoru. Ilẹ̀ tó yí ògiri ká tutù ju yàrá lọ, ó sì ń fa ooru olówó yẹn jáde. Fóòmù ló ń dá a dúró.

Níbí, ilẹ̀ tó jìn díẹ̀ kì í gbóná bí afẹ́fẹ́ ọ̀sán. Ooru rẹ̀ kì í jìnnà sí ìpíndọ́gba ooru gbogbo ọdún, tí í ṣe nǹkan bíi 26 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius ní Ìlọrin. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ìta bá ti kọjá 35 lọ́sàn-án, tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná síni lójú, ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ẹ́síì ọ̀fẹ́ tí ẹ ní, iná NEPA kò sì lè mú un lọ. Bí ẹ bá lẹ fóòmù mọ́ ọn, ẹ ti pa á fúnra yín.

Apá ògiri tó yọ sókè ilẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń nà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. A ń bọ̀ lórí ìyẹn.

## Ẹ dán ògiri náà wò ná

1. Ẹ yan àsìkò tó yẹ. Inú òjò ni ká ti ṣe àyẹ̀wò yìí, láàárín oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ògiri inú ọyẹ́ a máa tan ènìyàn jẹ. Nínú oṣù kìíní, ohun gbogbo ló gbẹ, títí kan ètè wa. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dúró de ọyẹ́ kí wọ́n tó kun ilé tí wọ́n fẹ́ tà.

2. Ẹ fojú wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ lára ògiri, ọ̀dà tó ń wú tó sì ń bó, símẹ́ńtì tó ń dún kòrókòró bí ẹ bá kàn án, àwọ̀ dúdú tó ń bu ní kọ̀rọ̀, òórùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ẹ fi péńsù fa ìlà sí ibi tí ọ̀rinrin náà dé, ẹ kọ ọjọ́ sí i.

3. Ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó. Ẹ nu ojú ògiri gbẹ, ẹ fi téèpù lẹ etí ọ̀rá náà yíká, kí afẹ́fẹ́ má rí àyè kankan gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, inú ilẹ̀ lomi ti ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọ sí yín ló rin, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń làágùn. Bí méjèèjì bá rin, wàhálà méjì lẹ ní. Ẹ lẹ mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan nítòsí ilẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀ bí ilé ìwẹ̀ bá sún mọ́ ibẹ̀.

4. Ẹ ṣọ́ tánkì. Ní alẹ́, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ má fa omi sínú tánkì, kí ẹ sàmì sí ibi tí omi dé nínú rẹ̀. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, páìpù kan ń jò. Mo mọ ilé kan ní Tánkẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ tán kí wọ́n tó rí i pé páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń jò sínú ògiri.

5. Ẹ wọn ooru. Ẹ ra tẹmọ́mítà olówó pọ́ọ́kú méjì, ẹ gbé ọ̀kan sí yàrá ìsàlẹ̀, èkejì sí yàrá òkè, kí ẹ kà wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìsàlẹ̀ bá fi ìwọ̀n 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tutù ju òkè lọ, ìbéèrè fóòmù ti tán. Òkè ló ń jẹ yín níyà.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Omi kì í dúró kí ògiri lanu. Búlọ́ọ̀kù a máa fa omi láti ìsàlẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, láìsí pé ó là níbì kan. Nítorí náà, ẹ má wàásù fún mi pé "ògiri mi ò là" nígbà tí ọ̀rá ti sọ̀rọ̀.

Ẹ dúró ná! Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti bíríkìlà:

- ògiri náà tẹ̀ wọ inú yàrá bí ikùn aboyún
- ó là gbọọrọ láti ọ̀tún sósì, ní nǹkan bí àárín gíga rẹ̀
- ẹ̀là náà gba ìka ọwọ́, tàbí ó ń fẹ̀ sí i lóṣooṣù

Ilẹ̀ rírin ló ń ti ògiri yẹn. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí wọn ò fi irin àti kọnkéré kún inú rẹ̀ kò lágbára láti gbé ilẹ̀ òkè dúró. Ẹ pe ẹnjiníà ilé tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó wá wò ó, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan sùn síbẹ̀ títí yóò fi dé.

## Omi orí ilẹ̀ lẹ kọ́kọ́ lé

Iṣẹ́ yìí kò wọ́n, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ wọ bùbà òjò, ẹ jáde síta nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà.

1. Omi ọ̀sọ̀rọ̀ tó ń já bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri ẹ̀yìn: ẹ ṣe gọ́tà sí etí páànù, kí páìpù gbé omi rẹ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 6, sí ẹ̀gbẹ́ tó dà sílẹ̀.
2. Ilẹ̀ tó dà sí ọ̀dọ̀ ògiri: ẹ kó yangí sí i, kí ẹ gún un kó le, kó dà kúrò lára ilé. Ìwọ̀n tó dára ni kí ilẹ̀ fi ìǹṣì 6 sọ̀kalẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí àyè kò tó, ẹ ṣe gọ́tà símẹ́ńtì tó máa gba omi tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ kí ó tó dé ara ògiri.
3. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ebè ẹ̀fọ́ àti ibi ìfọṣọ lẹ́yìn ògiri: ẹ ṣí wọn kúrò níbẹ̀. Ìyá wa ò gbà nígbà tí mo sọ ọ́ nílé wa, nítorí ebè ewúro rẹ̀ ni. Inú garawa ni ewúro náà wà báyìí, ó sì ń dára sí i.
4. Sókàwé tó sún mọ́ ògiri lápá òkè: bí òórùn ibẹ̀ bá ń wọ inú yàrá, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Ẹ wá àyè mìíràn fún sókàwé náà, ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kó sì jìnnà sí kànga.

Ẹ tún lẹ ọ̀rá náà lẹ́yìn èyí. Nínú ilé mẹ́ta tí mo ti ń wo irú iṣẹ́ yìí, méjì ni ọ̀rọ̀ ti parí síbí, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé díígà.

## Bí omi bá ṣì ń wọlé: gbígbẹ́ ẹ̀yìn ògiri

Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di oṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ á bá kòtò yín ní ṣíṣí sílẹ̀.

1. Ẹ gbẹ́ ẹ lápá lápá. Kí apá kan má gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ẹ parí rẹ̀, ẹ dí i, kí ẹ tó mú èyí tó kàn. Ẹni tó bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń wá ìṣubú ilé.
2. Ẹ dá gbígbẹ́ dúró kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Díígà kò gbọdọ̀ kọjá abẹ́ ìpìlẹ̀.
3. Ẹ fọ ògiri náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ẹ dí gbogbo ihò àti ẹ̀là.
4. Ẹ rẹ́ ẹ pẹ̀lú símẹ́ńtì òṣùwọ̀n 1 sí yanrìn ṣáàpù òṣùwọ̀n 3, kí ẹ po oògùn tí ń dènà omi mọ́ ọn bí ara ike rẹ̀ ṣe wí. Ẹ má fojú díwọ̀n oògùn náà. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi ọ̀dà dúdú bítúmẹ̀nì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ lọ sókè-sódò, èkejì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì fò má bàa kọ síra wọn.
5. Ẹ ta ọ̀rá nínípọn bo ọ̀dà náà, kí òkúta má bàa gún un nígbà tí ẹ bá ń dí kòtò.
6. Ẹ tẹ́ páìpù oníhò ìǹṣì 4 sí ìsàlẹ̀ kòtò, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kí ó máa fi ìǹṣì 1 sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 8. Kí ihò rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ asẹ́ tí ẹrẹ̀ kò lè gbà kọjá wé òkúta náà ká. Ẹ mú ẹnu páìpù jáde síta ní ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí eku àti ejò. Oore tí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń ṣe nìyí: omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan.
7. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un títí yóò fi ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Yangí tí ẹ gún dáadáa lẹ ó fi parí òkè rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé ẹ ṣílẹ̀kùn fún omi òjò.

Ìkìlọ̀: kòtò tó bá ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ lè ya lu ènìyàn láìkìlọ̀. Ẹ fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ jọ sí etí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ibẹ̀ lóun nìkan.

### Bí kò bá sí àyè láti gbẹ́

Ó lè jẹ́ fẹ́ǹsì aládùúgbò ló wà níbẹ̀. Inú yàrá lẹ ó ti ṣe é nígbà náà. Ẹ hó símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri títí dé ara búlọ́ọ̀kù, ẹ rẹ́ ẹ tuntun pẹ̀lú oògùn omi tí wọ́n ṣe fún ògiri tí omi ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀, ẹ ṣe ojú omi tóóró sí ẹsẹ̀ ògiri tó máa gbé èyí tó bá ráyè wọlé jáde. Ọgbọ́n àìríbi-gbé-e-gbà ni o. Lára kọnkéré ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Lára búlọ́ọ̀kù oníhò, omi ṣì ń jókòó sínú ihò rẹ̀, ó ń wá ibòmíràn gbà. Yàrá bẹ́ẹ̀ dára fún kíkó irinṣẹ́ pamọ́. Ẹ má fi ibùsùn síbẹ̀.

## Àṣìṣe tí mò ń rí, títí kan tèmi

Tèmi ṣẹlẹ̀ nílé bàbá wa ní Ọ̀fà. Ògiri ìsàlẹ̀ ń bó, mo sì fẹ́ kí ilé dára fún ìnáwó kan, ni mo bá ní kí wọ́n kan pátákó ike bo gbogbo rẹ̀. Ó dán, àwọn àlejò ń yìn ín. Oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, òórùn kan ń jáde. A ṣí pátákó kan: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ikán ti jẹ igi tí wọ́n kàn án mọ́ tán, wọ́n sì ti kọjá sínú àpótí ìwé bàbá wa. Bàbá bíríkìlà tó wá tún un ṣe wò mí lókè nílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o wọṣọ fún ẹni tí kò tíì wẹ̀."

Àwọn yòókù:

- Táìsì lórí ògiri rírin. Omi ò ní jáde mọ́ níbẹ̀, á gùn sókè. Ibi tí ọ̀rinrin ti dé orúnkún tẹ́lẹ̀ á wá dé ìbàdí.
- Ọ̀dà olówó ńlá lórí ògiri tí kò tíì gbẹ. Ògiri búlọ́ọ̀kù ìǹṣì 9 kì í gbẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Fún un ní oṣù mélòó kan.
- Símẹ́ńtì lórí ògiri alámọ̀. Àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìlọrin kún fún èyí. Amọ̀ ń mí, símẹ́ńtì kò mí. Bó pẹ́ bó yá, símẹ́ńtì á ṣí bọ́ tòun ti apá kan ara amọ̀. Amọ̀ bíi tirẹ̀ ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ.
- Sísá aṣọ àti dídáná ní yàrá ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọ sínú yàrá ló rin, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gbé okùn aṣọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí ẹ má sì fi ẹ́síì sí 18. Ìwọ̀n 25 tó.
- Jẹnẹrétọ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé òjò ń pa á tàbí pé olè lè gbé e. Èéfín rẹ̀ kò lóòórùn tó máa jí ẹni tó ti sùn, ó sì ń pani. Ìta gbangba ni ibùgbé rẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé.

## Ìgbà tí bíbò bọ́gbọ́n mu

Ó wà o. Ẹni tó fẹ́ fi ìsàlẹ̀ ṣe ibi títa ẹja dídì, tí yàrá náà gbọ́dọ̀ tutù tọ̀sán-tòru, fóòmù ni tirẹ̀. Ẹni tí ẹ́síì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ lè fi í sí apá ògiri tó yọ sókè ilẹ̀ tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó ń wá ọ̀nà láti dènà ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sí nínú wọn, nítorí fóòmù fífúyẹ́ kì í dá ariwo dúró. Ògiri wíwúwo àti fèrèsé tó pa dé dáadáa ló ń ṣe ìyẹn.

Bí ẹ bá wà nínú wọn, tí ọ̀rá sì ti gbẹ jálẹ̀ òjò ọdún kan:

1. Ẹ ra fóòmù pátákó líle tó dán. Ẹ dá etí rẹ̀ wò: bí ó bá ń tú hóró-hóró bíi gúgúrú, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páálí tẹlifíṣọ̀n ni. Ìyẹn ń fa omi díẹ̀ díẹ̀. Èyí tí kì í tú ló dára fún ibi tó súnmọ́ ilẹ̀. Ẹ yẹra fún èyí tó rí bí òwú. Bí ó bá ti mu omi, kò wúlò mọ́.
2. Ìǹṣì 2 tó. Ẹ lẹ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri tìmọ́tìmọ́, kí ẹ dí ojú ibi tó ti pàdé.
3. Ẹ fi àlàfo ìǹṣì 6 sílẹ̀ láti ilẹ̀ sókè. Ikán fẹ́ràn fóòmù, ó ń gbẹ́ ọ̀nà gba inú rẹ̀ láìfojú hàn. Àlàfo yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ rí ilé erùpẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè.
4. Ẹ bo fóòmù náà pẹ̀lú pátákó POP tàbí nẹ́ẹ̀tì àti símẹ́ńtì. Ẹ má fi í sílẹ̀ níhòòhò láé. Bí iná bá ràn án, èéfín rẹ̀ á ti pani kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹni.

## Bí ooru ni ẹ ń bá jà, ẹ gbé owó náà lọ sókè

Páànù ló ń dáná fún yín. Lórí àjà ni fóòmù yẹn ti máa wúlò jù, tàbí pátákó onífàdákà lábẹ́ páànù pẹ̀lú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dà funfun lára ògiri ìwọ̀ oòrùn, ìbòòji lókè fèrèsé, tàbí igi kan tí kò ní fi gbòǹgbò da ìpìlẹ̀ láàmú. Ẹ wá kó ibùsùn lọ sísàlẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí ìsàlẹ̀ bá gbẹ.

## Fún ẹni tó ń kọ́lé láti òkè òkun

Ẹ má gba "ó ti gbẹ o, ẹ̀gbọ́n" lórí fóònù. Ẹ bẹ ẹni tó wà nílé pé kó fi ìwọ̀nyí ránṣẹ́:

- fídíò ẹ̀yìn ilé nígbà tí òjò ń rọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó dá
- fọ́tò ìlà péńsù àti ọjọ́ ara ògiri, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá
- fọ́tò ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ìka tó ń fi ẹ̀gbẹ́ tó rin hàn
- fọ́tò ọ̀dà dúdú àti páìpù kí wọ́n tó dí kòtò, apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀

Ẹ dá owó apá tó kàn dúró títí fọ́tò apá tó ṣáájú yóò fi dé. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Èyí tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun dí i ná, ẹ ní kó ṣí i.